Òrí Tó Kù Lára Rìímù

Ojú ilé ni àlejò ń wò, ẹsẹ̀ àlejò ni onílé ń wò. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá tó bí Abíọ́nà máa ń sọ nígbà tó wà lọ́mọdé, bó bá ń lé e lọ sídìí ìkòkò omi kó lọ fọ ẹsẹ̀ kó tó wọlé onílé. Abíọ́nà gbọ́ ọ títí ó fi dàgbà. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ di iṣẹ́ jẹun, nítorí ẹsẹ̀ ni òun náà ń fọ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ alùpùpù ni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gbọ́ òwe tí kò rò ó dé ìdí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò yíjú padà, tí yóò sì gbá a létí.

Lọ́dún kejì tí ìjọba alágbádá padà dé, kò sí ẹni tó ń gun alùpùpù ní Ṣakí tí kò mọ àtíbàbà Jẹ́ẹ́dé lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ogbooro. Jẹ́ẹ́dé ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Abíọ́nà, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, a jókòó lápá òsì àtíbàbà náà lábẹ́ igi máńgòrò, òun ló ń fọ alùpùpù tó sì ń nu rìímù títí yóò fi dán.

Bó ṣe ń ṣe tirẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíì. Àwọn mìíràn a bu iyanrìn odò, wọn a fi ha irin bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, irin a sì rí wuruwuru. "Ẹ ò mọ̀ pé irin ní awọ bí èèyàn," ni Abíọ́nà máa ń wí fún wọn. Eérú pòpórò ọkà bàbà ni tirẹ̀. Yóò fi asẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì títí yóò fi kúnná bí àtíkè, yóò pò ó mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, yóò fi àkísà kíjìpá kùn ún sára rìímù, yóò sì jẹ́ kó gbẹ díẹ̀. Níbi tí ìdọ̀tí bá ti le, yóò já ewé ipin, èyí tí àwọn onígbá fi ń họ igbá, yóò fi rọra họ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tútù.

Òrí ló ń kẹ́yìn. Bíńtín ni, kò ju èyí tí wọ́n fi ń pa ètè ọmọ ọwọ́ nígbà ọyẹ́. Yóò fi pa irin náà yíká, yóò wá mú àkísà gbígbẹ, yóò nu òrí yẹn kúrò pátápátá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Nínù kúrò yẹn gan-an ni iṣẹ́. Òrí tí a kò bá nù kúrò lára rìímù a máa dán ju èyí tí a nù lọ, fún ìwọ̀nba wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa, kò sí eruku tí yóò kọjá tí kò ní yà kí i.

Ìgbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́ ni Ládòkun dé sí Ṣakí. Ọ̀gá tábà làwọn èèyàn ń pè é, nítorí ilé-iṣẹ́ tó ń ra ewé tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló rán an wá kó máa lọ láti oko dé oko, kó máa yẹ ewé wò, kó sì máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lé kòkòrò. Ó ga, ó pupa, ó ní èjí. Olúwa kúkú ti ṣe gbogbo èyí fún un tán, kó tó wá fi alùpùpù lé e. Rìímù alùpùpù náà kò ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Alumíníọ́mù ni wọ́n yọ́ dà ní odindi, apá márùn-ún tó nà láti àárín bí ìka ọwọ́ tó là. Irú rẹ̀ kò tíì wọ Ṣakí rí. Àwọn ọmọ ìta sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Fàdákà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá fún Abíọ́nà, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ kàn án.

"Rọra o," ni Jẹ́ẹ́dé wí láti ìdí ẹ́ńjìnnì tó tú sílẹ̀. "Bó o bá nù ún jù, á yọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀. Mo ń rí ojú mi nínú rẹ̀."

"Ojú rẹ yẹn náà lò ń wá látàárọ̀? Mo ti rò pé nǹkan gidi ló sọnù síbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan, Ládòkun a gbé alùpùpù náà dé, ẹrẹ̀ oko tábà a ti dì mọ́ àárín apá márààrún, dúdú kirikiri bí ìyà àgbẹ̀. Abíọ́nà a fọ̀ ọ́. Bí oòrùn bá fi ga, Ẹlẹ́sẹ̀-Fàdákà a máa tàn débi pé àwọn adìẹ a sá fún òjìji ara wọn nínú rẹ̀. Inú Abíọ́nà a dùn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá rí i nígbà náà kò ní mọ̀ pé ìlara lè gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé.

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí òrí rẹ̀ ti ń wá. Ọmọbìnrin kan wà ní Ogbooro, Ojúọlápé lorúkọ rẹ̀, ó ń kiri òrí wá sí ọjà Ṣakí ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ó dúdú minijọ, ó sì lẹ́nu bí abẹ. Ọdún méjì gbáko ni Abíọ́nà ti ń ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀. Òrí tó ti rà jọ sínú ilé ti tó fi pa rìímù gbogbo Òkè-Ògùn tán, àmọ́ bí ọjọ́ ọjà bá pé, yóò tún pè é. "Elóòrí, yà síbí." Ìyẹn nìkan ni gbogbo ohun tó lè sọ. Ó ń dúró dìgbà tí yóò fi páànù kan ilé rẹ̀ tán, ó ní nígbà náà lòun yóò tó sọ èyí tó wà nínú òun. Lọ́kàn ara rẹ̀, ó ti fẹ́ Ojúọlápé tán, ó kù kí Ojúọlápé gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní Sátidé kan tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, Ládòkun jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń run orín, ó ń wo ọwọ́ Abíọ́nà bó ṣe ń yí lára rìímù.

"Abíọ́nà, nù ún kó dáa fún mi lónìí o. Ilé àna ni mò ń lọ."

"Ọ̀gá, ẹ ti ríyàwó ni? Ẹ kú oríire. Ní Ṣakí níbí ni?"

"Ní Ogbooro ni. Tábà Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ni mo lọ yẹ̀ wò, ọmọ rẹ̀ ni mo yẹ̀ wò mọ́ ọn. Ojúọlápé. Ó máa ń kiri òrí wá sọ́jà yín níbí, ó ṣeé ṣe kó o mọ̀ ọ́n."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Abíọ́nà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú un, ó sì pẹ́ nílẹ̀ kó tó dìde.

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀," ló wí.

"Ìgbà mẹ́ta ni mo ti lọ," ni Ládòkun ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Bàbá náà ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmọ́ bí mo bá ti gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ alùpùpù mi ló máa ń wò. Á wò ó, á wò ó, á mirí, kó tó ní kí n wọlé. Ó dájú pé kò rí irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ìdí tí mo ṣe ní kó o jẹ́ kó máa dán sí i nìyẹn. Rìímù yìí ló máa bá mi fẹ́yàwó."

Bí Ládòkun ti gbéra tán, Abíọ́nà jókòó sórí àgékù táyà. Owú gùn ún bí ẹni gun ẹṣin. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, eérú ṣì wà lábẹ́ èékánná. Ọwọ́ yìí náà ló nu ohun tó ń kọ mànà lójú Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé! Ọwọ́ ara òun lòun fi ń kó ìyàwó òun fún ẹlòmíì! Ẹ má bi mí pé ọjọ́ wo ló di ìyàwó rẹ̀. Owú kì í béèrè ẹ̀rí kó tó dájọ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí nǹkan Ládòkun tí kò dùn ún. Èjí Ládòkun dùn ún. Bí Ládòkun ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ dùn ún. Bó bá da gàrí sómi, yóò rí èjí yẹn tó ń rẹ́rìn-ín sí i nínú igbá. Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kò ṣẹ̀ ẹ́. Èèyàn dáadáa ni. Bó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, owú ì bá rí ibi fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e bọ́ sí Túsìdeè. Abíọ́nà kò pe elóòrí. Elóòrí ló yà fúnra rẹ̀, ó sọ igbá kalẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Onírìímù, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kú ọjà." Kò gbójú sókè.

"Ẹ̀ẹ́ ti rí? Ta ló ta ata sí yín lójú?"

"Mo gbọ́ pé ẹ ní àlejò nílé yín."

"Àlejò wo nínú àlejò? Ilé wa kì í dá."

"Ẹlẹ́sẹ̀-Fàdákà."

Ojúọlápé bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ọ̀gá tábà! Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo rìímù rẹ̀ yẹn, èèyàn lè máa wò ó di gèlè. Ta ló tiẹ̀ ń bá a nù ún?"

"Èmi ni," ni Abíọ́nà wí.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi náà ni. Òrí rẹ ni mo fi ń nù ún."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọmọbìnrin náà díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa náà," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ ń ṣe é lẹ́wà, ẹ̀yin náà lẹ wá ń rán an sí mi."

Jẹ́ẹ́dé, tó ti ń lu irin láti àárọ̀, sọ hámà kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ kí etí rẹ̀ lè gbọ́ dáadáa.

"Bàbá mi ní Sátidé yìí ni àwọn máa fún un lésì," ni Ojúọlápé wí. "Bọ̀ọ̀dá, òní ni Túsìdeè o." Ó dúró. Ó tún igbá rẹ̀ tò, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ nínú ìtò tó wà tẹ́lẹ̀. "Ẹni tọ́rọ̀ bá wà lẹ́nu rẹ̀ kì í fi òrí sọ ọ́. Ẹnu la fi ń sọ̀rọ̀."

Àwọn àgbà ní àìlèsọ̀rọ̀ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ orí burúkú. Abíọ́nà ya ẹnu, ohun tó sì jáde ni, "Gé òrí fún mi. Èyí tó tóbi."

Ojúọlápé wò ó títí. Ó gé òrí, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó tó ìkúùkù méjì. "Tó báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ fi wẹ̀ ni?" Ó ru igbá rẹ̀, ó lọ.

"Ọmọ ọlọ́mọ ṣílẹ̀kùn fún ọ gbagada," ni Jẹ́ẹ́dé wí, "o ní kó bá ọ pa á dé nítorí afẹ́fẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lu irin yín."

"Mo ń lù ú. Irin tèmi kúkú ń dáhùn."

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, èrò méjì ló wọ Abíọ́nà lọ́kàn. Èkínní kò dáa rárá. Ìyá Àsíátù, ìyá àgbà tó ń se ọṣẹ dúdú lẹ́yìn ọjà, a máa sẹ́ omi eérú sínú ìkòkò amọ̀, omi náà a sì máa kan bí oró. Gbogbo obìnrin Ṣakí ló mọ̀ pé a kì í gbé ìkòkò alumíníọ́mù súnmọ́ ọn; bó bá ta sí i lára, á dúdú, á jẹ ihò wẹ́wẹ́ sí i, kò sì ní í bọ̀ sípò mọ́ láyé. Abíọ́nà mú agolo, ó dé ẹ̀yìn ahéré ìyá náà. Ó dúró. Ó rántí àwọn apá márùn-ún yẹn àti bí wọ́n ṣe máa ń tutù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Rìímù ò ṣẹ̀ mí," ló wí síta, ó sì padà.

Èrò kejì wá bá a nígbà tó rí odindi òrí tó kó sí kọ̀rọ̀. Kò ní í ba nǹkan kan jẹ́. Yóò kàn dójú ti ẹnì kan ni. Òrí náà yóò pọ̀ lára rìímù, kò sì ní í nù ún. Ní Ṣakí yóò máa tàn. Bó bá fi máa dé Ogbooro, ọ̀nà ilẹ̀ pupa àti eruku ọyẹ́ yóò ti bá a ṣe ìyókù. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé tó fẹ́ràn rìímù dídán yóò wá rí ẹsẹ̀ àlejò bó ṣe rí gan-an. Ẹni tí kò lè mú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, báwo ni yóò ṣe tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ?

Sátidé pé. Ládòkun dé pẹ̀lú agbádá funfun, ó fi tùràrí sára. Abíọ́nà fọ rìímù bó ṣe yẹ, eérú, ọsàn, ewé ipin, omi. Ó wá bu òrí. Ó pa á, ó tún un pa, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ sí gbogbo kọ̀rọ̀. Ó gbé àkísà gbígbẹ rẹ̀ kọ́ sórí ẹ̀ka máńgòrò, ó sì yíjú kúrò lára rẹ̀.

"Yéè!" ni Ládòkun ké. "Abíọ́nà! Tòní tún yàtọ̀! Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yìí gbẹ. Ìyàwó tìrẹ náà á wá ọ wá."

Àdúrà náà gún Abíọ́nà nígbáàyà bí ẹ̀gún.

"Ó yá, gun ẹ̀yìn, ká jọ lọ," ni Ládòkun tún wí.

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni. Mi ò lẹ́bí níbí, ọkùnrin kì í dá lọ gba èsì ìyàwó. Ìwọ ló mọ̀ mí jù ní Ṣakí. Àti pé bá a bá fẹ́ wọlé Ogbooro, wàá bá mi nu eruku díẹ̀díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Jẹ́ ká lọ, oòrùn ń ga."

Jẹ́ẹ́dé sọ pé, "Lọ o, Abíọ́nà. Ọ̀nà ni wọ́n kúkú bí ọ sí." Ó wo àkísà lórí igi, ó wo rìímù, ó wo ojú Abíọ́nà. Atúnẹ́ńjìnnìṣe ni, ó mọ òrí tí wọ́n nù àti èyí tí wọn ò nù. Ó padà sídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Abíọ́nà gun ẹ̀yìn. Ó kúkú fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àkísà kù lórí igi.

Ọ̀nà náà pupa bí epo. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo koríko, eruku sì dìde lẹ́yìn wọn bí ìlú tó ń jóná. Kí wọ́n tó kọjá igi òrí kẹwàá, Abíọ́nà ti gbára lé èjìká Ládòkun, ó yọrí wo ẹsẹ̀ iwájú. Dídán ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tó tún wò ó, apá márààrún ti wọ ẹ̀wù pupa. Ìdùnnú kan báyìí gba ara rẹ̀, ìdùnnú tí kò ṣeé bá ẹnikẹ́ni pín, tó tutù nínú bí omi inú àpáta. Ládòkun ń kọrin níwájú. Abíọ́nà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a gbè é.

Ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀ lágbàlá Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ni Ládòkun tó bojú wo ilẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé agbádá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

"Abíọ́nà! Kí leléyìí? Àkísà dà?"

"Ọ̀gá, mo gbàgbé rẹ̀ sórí igi."

"O gbàgbé rẹ̀? Lónìí? Mo gbé!" Ó fi etí agbádá funfun nu rìímù lẹ́ẹ̀kan. Agbádá pọ́n, rìímù kò mọ́. Eruku ti pò pọ̀ mọ́ òrí, ó dì gbagidi bí amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ilé.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ti jáde, àgbà gbọ̀ngbọ̀n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọkùnrin méjì bá a jáde, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n. Ojúọlápé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi. Ládòkun dọ̀bálẹ̀. Abíọ́nà náà dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ojú ẹ̀gbẹ́ ń wo ojú bàbá.

Bàbá kò wo èyí tó dọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ alùpùpù ló wò. Ó súnmọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka gbo ó, ó gbé ìka sí imú.

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ó wúkọ́.

"Òrí," ló wí. "Ó fi òrí pa irin rẹ̀! Ẹ wá gbọ́ o. Bàbá wa tó bí wa, ǹjẹ́ kì í ṣe òrí ló ń fi pa ọkọ́ àti àdá bí ọyẹ́ bá dé?"

"Òun ni," ni àwọn àbúrò rẹ̀ wí. "Kí ìpẹtà má baà mú un."

"Dìde, ọmọ mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan fún ọ, má bínú. Ọ̀gá tábà tó wà níbí ṣáájú rẹ, ọdún mẹ́ta ló fi ń kọ ọ́ sínú ìwé pé òun dé oko mi. Kò dé ibẹ̀ rí. Kòkòrò jẹ ewé mi tán níbi tó ti ń kọ ìwé. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ máa ń mọ́ bí eyín ọmọ titun. Ìgbà tí ìwọ náà wá, tí mo rí ẹsẹ̀ tìrẹ tó ń kọ mànà, mo ní, háà, òmíràn tún dé. O yẹ tábà tèmi wò lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ kò kan erùpẹ̀, níbo ló tún ti ń ṣiṣẹ́? Mo ti pinnu pé lónìí ni n óò sọ fún ọ pé rárá."

Abíọ́nà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ilẹ̀ tó wà. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Rárá! Bàbá ti pinnu rárá! Bó bá jẹ́ pé ó nu òrí yẹn ni, bó bá jẹ́ pé ó kàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é!

"Àmọ́ ìwọ," ni bàbá yí sí i, "ìwọ tó bá a wá, dìde. Ta ni ọ́?"

"Abíọ́nà ni mí, Bàbá. Ní Ṣakí. Èmi ni mò ń bá wọn fọ ọkọ̀."

"Ó dáa. Ẹni tó bá ọkọ ìyàwó wá ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Erùpẹ̀ yìí, ṣé tòní nìkan ni, àbí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń rí bó bá gbé e wá fún ọ?"

Ẹ wò ó bí ọ̀nà ṣe là lẹ́ẹ̀kejì fún ẹni tí wọ́n bí sójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan péré, "tòní nìkan ni," ọ̀rọ̀ náà á sì tán síbẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé e. Abíọ́nà gbójú sókè, ó sì bá ojú Ojúọlápé pàdé lókè igbá omi. Ọmọbìnrin náà kò ṣẹ́jú. Ó ń dúró.

Abíọ́nà ya ẹnu, ó fẹ́ purọ́, irọ́ náà ti dé orí ahọ́n. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ dúdú kirikiri yẹn ló ń rí, èyí tó ti fi èékánná yọ ní gbogbo Sátidé.

"Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, Bàbá," ló wí. "Ó tilẹ̀ máa ń jù báyìí lọ. Ẹrẹ̀ oko tábà ni. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń rìn ín, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó rí wọn."

Ohùn ara rẹ̀ yà á lẹ́nu. Ẹnu tí kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ni ín láti ọdún méjì, òun náà ló wá là geerege fún ẹlòmíì.

"O ṣeun," ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wí. "Ojúọlápé, ìwọ náà ti gbọ́. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ojúọlápé ṣì ń wo Abíọ́nà, ó wò ó fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi ka ẹní dé ẹ̀wá. Abíọ́nà wo ilẹ̀.

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá," ló wí. Ó gbé omi fún Ládòkun.

Ìgbà tí wọ́n wọlé lọ jẹ obì, Abíọ́nà kù síta, ó ní òun ń ṣọ́ alùpùpù. Ojúọlápé jáde wá pẹ̀lú igbá omi kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí rìímù, ó ha á díẹ̀ pẹ̀lú èékánná, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Òrí mi ti Túsìdeè nìyí."

"Òun ni."

"Ẹ ò nù ún."

"Mo gbàgbé ni."

"Ẹ ò gbàgbé, Bọ̀ọ̀dá." Kò pariwo, kò bínú. "Mo ṣe bí owú ni mò ń rí lójú yín lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn. Mo ní, á sọ̀rọ̀ báyìí. Àṣé ẹ lè jowú débi pé ẹ máa fi òrí rẹ́ ilé, tẹ́ ẹ ò sì ní lè ya ẹnu." Ó gbé omi náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ mu ún. Ọ̀nà jìn."

Bí wọ́n ṣe ń padà, Ládòkun fi orin kún gbogbo ọ̀nà. Iṣu ewùrà méjì ni bàbá fún wọn, orí itan Abíọ́nà ni wọ́n wà. Jẹ́ẹ́dé ṣì wà ní àtíbàbà nígbà tí wọ́n dé.

"Báwo ni Ogbooro?"

"Wọ́n fún un," ni Abíọ́nà wí.

Jẹ́ẹ́dé wo rìímù pupa náà títí. "Ilé ọba tó jó," ló wí, "ẹwà ló bù sí i." Ó yíjú sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò tún fi Abíọ́nà ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Abíọ́nà, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́," ni Ládòkun ń wí bó ṣe ń já iṣu kan sílẹ̀ fún un, "láti òní lọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó o máa fi í sílẹ̀ fún mi. Pa á lóòrí, má nù ún. Àna mi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ojúọlápé kò kiri òrí wá sí Ṣakí mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń gbé e wá, Abíọ́nà a sì máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ̀nba tí iṣẹ́ fẹ́. Ní Sátidé Sátidé, yóò fọ Ẹlẹ́sẹ̀-Fàdákà, yóò pa á lóòrí títí yóò fi máa tàn lábẹ́ máńgòrò. Bó bá pa á tán, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a nà fúnra rẹ̀ sí àkísà tó wà lórí ẹ̀ka. A sì fi ọwọ́ òsì dá a padà.